Ọ̀kan Mọ Ìrìn, Èkejì Mọ Orúkọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti obìnrin tí ọkọ ń nà, kì í sì í ṣe ti ọkùnrin tó lọ fẹ́ ìyàwó pamọ́ sí ìta. Ọ̀rọ̀ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò ṣẹ̀ rárá ni, tó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú ohun tí ẹnikẹ́ni kò rì mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, ó sì ní kí n má pọ́n òun lé. N kò ní pọ́n ọn lé.

Tinúolúwa lorúkọ rẹ̀. Dọ́kítà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń gún abẹ́rẹ́. Olùkọ́ ni ní yunifásítì kan lẹ́yìn ìlú Iléṣà, níbi tí òun àti Awóyẹmí ọkọ rẹ̀ ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Iléṣà ni obìnrin yìí, inú ìjọ Àpọ́sítélì ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Òṣogbo ni ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ tó wà ní Alékúwodò ṣì ń bọ Ọ̀ṣun títí di òní, wọn kò sì bá ara wọn jà lórí rẹ̀ rí. Ilé tó tòrò ni. Ẹ fi ilé yẹn sọ́kàn, torí òun gan-an ló fẹ́ fọ́.

Iṣẹ́ ìwádìí ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Epo tí yunifásítì ń rà sí jẹnẹrétọ̀ ti di ẹrù sí wọn lọ́rùn. Wọ́n ní kí àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà jọ wá ọgbọ́n sí i. Àwọn olùkọ́ fa Tinúolúwa kalẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà fa Jùwọ́n, ọ̀gá wọn, kalẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá nìyí. Gbogbo fóònù tó bá wọ ọgbà náà ló máa ń so mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ọgbà fúnra rẹ̀, bóyá olówó rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ tàbí kò tẹ̀ ẹ́. Tí fóònù bá pọ̀ nínú ilé kan, a jẹ́ pé èèyàn pọ̀ níbẹ̀, kí iná ibẹ̀ máa jó. Tí kò bá pọ̀, a jẹ́ pé ilé ṣófo, kí ẹ̀rọ pa iná ibẹ̀ lọ́sàn-án.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí wọ́n máa ka ìrìn ẹsẹ̀ òun? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi la iṣẹ́ náà sí méjì. Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà mọ orúkọ ẹni tó ni fóònù, kò mọ ibi tó ń rìn sí. Tinúolúwa mọ ibi tí fóònù ń rìn sí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà lásán ló ń rí, kò mọ ẹni tó ni ín. Ọ̀kan mọ ìrìn, èkejì mọ orúkọ, bí àpótí owó ìjọ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ alàgbà méjì. Wọ́n búra níwájú Ìyáàfin Ọláìtán, akọ̀wé àgbà yunifásítì, pé àwọn kò ní pa méjèèjì pọ̀ láé.

Ó ṣiṣẹ́. Epo dín kù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Tinúolúwa ní ìpàdé. Awóyẹmí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìdánwò lẹ́yìn ọgbà lọ́hùn-ún, náà pàtẹ́wọ́.

Láàárín ìgbà yẹn ni Tinúolúwa bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù Awóyẹmí tí kì í rí ẹni gbé e.

Láàárọ̀ yóò gbé e. Nírọ̀lẹ́ yóò gbé e. Ọ̀sán nìkan ni kì í gbé e. Tinúolúwa bi í, ó ní ọwọ́ òun dí. Ó tún bi í lọ́jọ́ mìíràn, ó ní òun kò gbọ́. Nígbà tó tún bi í, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá Jésùtófúnmi, ṣé o ò níṣẹ́ ni?"

Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rín dáhùn ìbéèrè: ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ ohun tí ìyẹn máa ń ṣe síni nínú.

Ká ní Tinúolúwa dìde lórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kó rìn lọ sí ọ́fíìsì ìdánwò, ọ̀rọ̀ ti parí. Ibẹ̀ kò jìnnà. Àmọ́ ẹni tó bá ti ní ẹ̀rọ tó ń bá a ríran, ẹsẹ̀ a máa wúwo lára rẹ̀. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń wo àwọn nọ́ńbà bí wọ́n ti ń rìn kiri, ó ń bi wọ́n lọ́kàn pé, èwo nínú yín ni ọkọ mi?

Ó gba ọ̀dọ̀ Jùwọ́n lọ.

Jùwọ́n kọ̀. Ó rán an létí ìbúra tí wọ́n jọ búra. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi òun sí i, ó ní kó lọ bi ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Tinúolúwa. Ó lóṣòó tì í bí àwọn bàbá rẹ̀ òṣómàáló ti ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà tó jẹ wọ́n lówó. Lónìí yóò mú búrẹ́dì wá fún un. Lọ́la yóò wá jókòó láì sọ nǹkan kan, yóò kàn máa mí kanlẹ̀. Ó ní fóònù ẹnì kan ṣoṣo ni, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni.

Nígbà tó yá, Jùwọ́n wò ó lójú dáadáa. "Dọ́kítà, tí mo bá ṣe é, a jọ jẹ ẹ́ nìyẹn o. Kò ní sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè sọ pé òun ò sí níbẹ̀."

"Mo ti gbọ́," ni Tinúolúwa wí.

Kò gbọ́. Owú ti di í létí.

Jùwọ́n fi bírò kọ nọ́ńbà náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó nà án sí i. Tinúolúwa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ibi tí fóònù ọkọ rẹ̀ ń lọ sì jáde. Ilé rédíò ni. Tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, yóò wọbẹ̀ lọ, kì í sì í jáde títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ojoojúmọ́ ni.

Ilé rédíò ọgbà náà kò ju yàrá kótópó kan lọ, Ọ̀ṣunfúnmi nìkan ló sì máa ń wà níbẹ̀ lọ́sàn-án. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni. Gbogbo ọgbà ló mọ ohùn rẹ̀, ohùn bíi ti ẹni tó ti jí àmọ́ tí kò tíì fẹ́ dìde. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun náà kò tíì dàgbà, aṣọ sì ń gbà á. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé ọmọ Òṣogbo ni, Alékúwodò kan náà tí wọ́n ti bí Awóyẹmí.

Ẹ wá wo ìdẹkùn o. Ohun tí Tinúolúwa mọ̀, kò lè sọ ọ́. Tó bá kò ó lójú ọkọ rẹ̀, ọkọ yóò bi í pé ta ló sọ fún un. Tó bá dárúkọ ẹ̀rọ, ó dalẹ̀ ìbúra nìyẹn, iṣẹ́ lọ, orúkọ lọ. Tó bá sì dákẹ́, ọ̀rọ̀ ń jẹ ẹ́ nínú bí ikán ti ń jẹ igi àjà. Ó ń bu oúnjẹ fún ọkùnrin náà, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bó ti ń jẹ ẹ́. Awóyẹmí bi í pé kí ló dé. Ó ní orí ló ń fọ́ òun.

Jùwọ́n náà yí padà. Tinúolúwa jù ú lọ, "ẹ" ló sì máa ń fi bá a sọ̀rọ̀ látijọ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, "ẹ" ṣì wà lójú àwùjọ, ṣùgbọ́n tó bá ti ku àwọn méjèèjì, ó di "ìwọ".

"Tinú, orúkọ mi ni kó ṣíwájú lórí ìwádìí yẹn o."

Tinúolúwa ní kò tọ́, òun lòun kọ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Jùwọ́n kò bá a jiyàn. Ó kàn na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i, èyí tó kọ nọ́ńbà sí lọ́jọ́sí, ó ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ Jùwọ́n ṣíwájú.

Bó ṣe ń gbé e kiri nìyẹn, títí ó fi pàdé Ọ̀ṣunfúnmi lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ìyàwó ẹnì kan, ìyàwó gbogbo àdúgbò ni. Ọ̀ṣunfúnmi kí i bí ọmọ Alékúwodò ti ń kí ìyàwó Alékúwodò.

"Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ara yín mà ń dán. Ọkọ wa ń tọ́jú yín."

"Ọkọ ta ni?" ni Tinúolúwa bi í.

"Ọkọ wa ni," ni Ọ̀ṣunfúnmi dáhùn, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ.

Ìkíni ni o. Ìkíni lásán. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà yẹn ni Tinúolúwa ti gba ọ́fíìsì Ìyáàfin Ọláìtán lọ. Ó ní òun kì í dá sí ọ̀rọ̀ olóòfófó, ṣùgbọ́n ó yẹ kí akọ̀wé àgbà mọ̀ pé ọkùnrin kan máa ń wọ ilé rédíò lọ́sàn-án, kì í sì í jáde títí iṣẹ́ fi parí. Kò dárúkọ ọkùnrin náà. Èrò rẹ̀ ni pé òun yóò ju òkúta náà sódò, òun yóò sì bá tòun lọ. Wọ́n á gbé Ọ̀ṣunfúnmi kúrò níbẹ̀, ilé òun á rójú.

Ìyáàfin Ọláìtán kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó ní òun yóò gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ẹni tó sì fẹ̀sùn kan ọmọnìkejì rẹ̀ yóò wá sọ ọ́ lójú onítọ̀hún. Tinúolúwa bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Dọ́kítà, ọ̀dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti tọ́ mi. Ohun tí a ò lè sọ lójú èèyàn, a kì í gbé e wọ ọ́fíìsì."

Nígbà tí Jùwọ́n gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ó ní tí Tinúolúwa bá fi lè dárúkọ òun, òun yóò tú gbogbo rẹ̀ síta, àwọn á sì jọ rì ni. Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ kò ti gba ọ̀fun Tinúolúwa mọ́. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ọkọ tó ń fura sí ló ń se ọbẹ̀ ata fún un, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹun.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Ọ̀sán ni. Ìyáàfin Ọláìtán jókòó lórí àga ńlá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnfẹ́mi, bàbá arúgbó kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n pe Jùwọ́n náà, torí abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ilé rédíò wà. Ọ̀ṣunfúnmi wọlé gbẹ̀yìn, ó gbé báàgì ńlá kan kọ́ èjìká, ó ní kí wọ́n má bínú, kò sí ẹni tí òun lè fi ẹrù òun sílẹ̀ fún.

Ìyáàfin Ọláìtán ka ẹ̀sùn náà sí i létí. Ó bi í bóyá òótọ́ ni.

"Mà, ìgbà wo?" ni Ọ̀ṣunfúnmi wí. "Èmi ni mò ń ka ìròyìn, èmi ni mò ń fi orin sí i, èmi náà ni mò ń dá àwọn tó ń pè wọlé lóhùn. Ìgbà wo ni mo ráyè ọkùnrin? Àbí ẹ ti gbọ́ tí mò ń mí hẹlẹ lórí rédíò rí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnfẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ìyáàfin Ọláìtán yíjú sí Tinúolúwa, ó ní kó dárúkọ ọkùnrin náà. Ojú Jùwọ́n wà lára rẹ̀ bí ojú ológbò. Ó fẹ́ sọ pé òun kò mọ ọkùnrin náà. Ọ̀ṣunfúnmi ló gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Ìyàwó wa, ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ ti dárúkọ tèmi. Kò dáa kí obìnrin nìkan máa jẹ́ orúkọ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí."

"Awóyẹmí ni," ni Tinúolúwa wí. "Ọkọ mi ni."

Ọ̀ṣunfúnmi yíjú sí i. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì, ó ṣí i, ó sì da ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn.

Fóònù ni. Fóònù dúdú, fóònù pupa, èyí tí ojú rẹ̀ ti sán, èyí tí wọ́n fi rọ́bà dè, okùn ṣájà lọ́ mọ́ wọn bí ìfun ẹran. Pílásítà funfun wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ olówó wà lórí rẹ̀. Ó fọwọ́ tú wọn, ó mú ọ̀kan, ó gbé e síwájú Tinúolúwa.

"Ọkọ yín rèé. Ó ti kún."

Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé. Ó ní láti ìgbà tí ẹ̀rọ tuntun ti ń pa iná àwọn ọ́fíìsì ẹ̀yìn ọgbà, kò síbi tí wọ́n ti lè ṣáàjì fóònù lọ́hùn-ún mọ́. Ilé rédíò nìkan ló ní iná oòrùn tirẹ̀. Tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, wọn á kó fóònù wá fún òun, wọn á padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, wọn á wá gbà á tí wọ́n bá ń lọ sílé. Òun á sì pa ohùn gbogbo rẹ̀, kó má baà máa dún nígbà tí òun bá wà lórí afẹ́fẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀rọ Tinúolúwa ló pa iná ọ́fíìsì ọkọ rẹ̀, torí èèyàn ibẹ̀ kò pọ̀. Òkùnkùn ibẹ̀ ló lé fóònù lọ sí ilé rédíò. Fóònù tó lọ ló wá jẹ́ kí ẹ̀rọ máa sọ pé kò sí èèyàn ní ọ́fíìsì yẹn rárá, kí wọ́n má tan iná fún wọn mọ́. Níbi tí Tinúolúwa jókòó sí, iná kì í lọ, kò sì fẹsẹ̀ kan lọ béèrè. Bó bá tiẹ̀ wo ilé rédíò dáadáa lójú kọ̀ǹpútà, ì bá rí i pé fóònù tó wà níbẹ̀ pọ̀ débi pé àfi kí àwọn olówó wọn máa jókòó lé ara wọn lórí. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń wá, ọ̀kan ṣoṣo náà ló rí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnfẹ́mi na ọwọ́ jẹ́jẹ́. "Èyí tí ojú rẹ̀ sán yẹn, tèmi ni." Ó mú un, ó fi sápò.

Ìyáàfin Ọláìtán kò rẹ́rìn-ín. Ó bi Tinúolúwa bóyá ó fi ojú ara rẹ̀ rí ọkọ rẹ̀ ní ilé rédíò rí. Ó ní rárá. Ó bi í bóyá ẹnì kan rí i tó wá sọ fún un. Ó tún ní rárá.

"Awóyẹmí ò débẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Fóònù rẹ̀ ló débẹ̀. Ta ló mọ ibi tí fóònù ẹni kọ̀ọ̀kan ń lọ nínú ọgbà yìí?"

Kí Tinúolúwa tó ya ẹnu, Jùwọ́n ti dìde. "Dọ́kítà ló yọ mí lẹ́nu, mà. Mo kọ̀, mo kọ̀, wọn ò gbà."

Ẹni tó ní àwọn jọ jẹ ẹ́ ti nu ẹnu tirẹ̀ nù.

Wọ́n ti ránṣẹ́ pe Awóyẹmí. Ó bá wọn lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ti ń jáde, ó sì rí i lójú gbogbo wọn pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀ṣunfúnmi ló kọ́kọ́ kàn án. Ó fi fóònù rẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó wa ti ń wá a látọjọ́."

Nílé, Awóyẹmí kò pariwo. Tinúolúwa ní ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Òun ló tún kọ́kọ́ béèrè, ó ní kí ló dé tí kò sọ fún òun pé kò síná ní ọ́fíìsì wọn.

"Ojoojúmọ́ làwọn ará ọ́fíìsì mi ń bú ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yẹn," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ìwọ á sì wọlé nírọ̀lẹ́, inú rẹ á máa dùn sí iṣẹ́ rẹ. Mo ní kí n jẹ́ kó máa dùn." Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí àga. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí o ò rìn wá?"



Awóyẹmí kó aṣọ díẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìyá pe Tinúolúwa lórí fóònù. Kò bú u. Ó ní òun ti sọ fún ọmọ òun kó padà sílé rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo lè dá padà o, ìyàwó mi. N ò mọ ti inú."

Yunifásítì dá iṣẹ́ ìwádìí náà dúró. Wọ́n gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ Jùwọ́n. Wọ́n ní kí Tinúolúwa máa kọ́ àwọn ọmọ, kó gbàgbé ìgbéga. Ó lọ bẹ Ọ̀ṣunfúnmi ní ilé rédíò, ó kúnlẹ̀ gan-an. Ọ̀ṣunfúnmi ní kó dìde. "Ẹ̀bẹ̀ yín ti dé etí mi. Ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ ná, tó bá yá, màá dá a lóhùn."

Awóyẹmí sì padà wálé lóòótọ́. Ó ń jẹun. Ó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n jọ ń sùn sí. Ó ń bá ọmọ ṣeré. Ẹni tó bá wá kí wọn kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe wọ́n.

Ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹsẹ̀ kan mọ́ kó má sọ fún un.

"Mò ń lọ ra ọṣẹ." "Mò ń lọ sẹ́yìnkùlé, mo fẹ́ sá aṣọ." "Mo fẹ́ yà kí bàbá onílé, n ò ní pẹ́." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò fajú ro. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń sọ ọ́, yóò sì dúró títí Tinúolúwa yóò fi dáhùn kó tó ṣí ilẹ̀kùn. Tinúolúwa ti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ti sunkún. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó má sọ fún òun mọ́.

"Rárá," ni Awóyẹmí máa ń wí. "Ó yẹ kí o mọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka fóònù ọkọ yín lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tí ẹ ń san owó fún àwọn tó ń bá yín ṣọ́ ìyàwó, inú ń bí mi sí yín. Ẹnu wà fún ìbéèrè, ẹsẹ̀ sì wà fún rírìn. Ìgbà wo ni méjèèjì di ohun ìtìjú? Ẹ̀yin ọkọ náà, ẹ̀rín kì í ṣe èsì. Ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bi yín.

Mo bi Tinúolúwa pé kí ló ń gbàdúrà fún báyìí. Mo rò pé yóò dárúkọ ìgbéga tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní ohun tí òun ń tọrọ ni ọjọ́ kan tí Awóyẹmí yóò mú fìlà rẹ̀, tí yóò ṣílẹ̀kùn, tí yóò jáde, tí òun kò ní mọ ibi tó ń lọ. Ọjọ́ yẹn ni òun yóò tó mọ̀ pé ó ti dárí ji òun.

Àná ni mo dé ọ̀dọ̀ wọn gbẹ̀yìn. Ọkọ dìde láàárín ọ̀rọ̀ wa, ó wọ bàtà, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ lọ ra káàdì ní ìta.

Ó ń dúró de èsì. Tinúolúwa ní kó máa lọ.